Kí Ewu Tó Kọ́ Ọmọ Yín Lọ́gbọ́n

Ẹ̀yin òbí, ẹ pe ọmọ yín tó ti pé ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún lálẹ́ òní, kí ẹ bi í pé kí lorúkọ ìyá rẹ̀. Bó bá dáhùn pé "Mọ́mì ni," ẹ tún bi í pé kí làwọn ará ìta ń pe Mọ́mì. Ẹ bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀. Ẹ bi í ní orúkọ àdúgbò yín àti ohun tó wà nítòsí ilé tí àjèjì lè fi dá ilé mọ̀, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ì báà jẹ́ mọ́ṣáláṣí, ì báà jẹ́ ilé epo. Lẹ́yìn náà, kó ka nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo fún yín láìwo ìwé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ka A dé Z geerege, tó mọ orúkọ gbogbo ẹranko inú kátúùnù, ni kò ní rí ìkankan dáhùn nínú ìwọ̀nyí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìbéèrè tí ìyá aláta kan máa bi í nìyẹn lọ́jọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá já kúrò lọ́wọ́ yín ní Òṣòdì tàbí lọ́jà Bódìjà.

Ohun tó mú mi kọ ìkìlọ̀ yìí ni pé a ti sọ ọmọ ṣíṣọ́ di ọmọ kíkọ́. A ti géètì pa, a lé ọmọ kúrò nílé ìdáná, a gbé e lọ sílé ìwé, a gbé e bọ̀, a háyà tíṣà tó ń wá kọ́ ọ nílé nírọ̀lẹ́, ọkàn wa wá balẹ̀ pé a ti ṣe ojúṣe wa. Ní ti iná, omi, títì, oògùn àti ara òun fúnra rẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń gbọ́ lẹ́nu wa: "Má fọwọ́ kàn án." Kò sí òbí tó lè ṣọ́ ọmọ tọ̀sán-tòru títí tí yóò fi dàgbà. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìyá yóò yà lọ gba nǹkan lọ́wọ́ ará ilé kejì, tí yóò ku ọmọ nìkan pẹ̀lú sítóòfù. Ohun tó bá mọ̀ lọ́jọ́ náà ni yóò yọ ọ́. Bí kò bá mọ nǹkan kan, ewu fúnra rẹ̀ ni yóò di tíṣà rẹ̀, owó ẹ̀kọ́ tí ewu sì ń gbà, ẹlòmíì kì í san án tán láyé.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ọmọ tó sọnù bẹ̀rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó mọ̀ ni pé kó dúró síbi tó ti ṣàkíyèsí pé òun ò rí ẹni òun mọ́. Bí òun ń sá kiri wá ìyá, tí ìyá náà ń sá kiri wá a, wọ́n lè máa yí ara wọn po títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí ẹni rẹ̀ kò bá tètè yọjú, kó lọ bá obìnrin tó jókòó ti ìsọ̀ rẹ̀ tó ń tajà, pàápàá tí ọmọ bá wà lẹ́yìn onítọ̀hún. Ẹni tó ní ìsọ̀ ní ojú kan tí gbogbo ọjà mọ̀ ọ́n mọ́. Kí ọmọ wí fún un pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò rí mọ́mì mi mọ́. Orúkọ wọn nìyí, nọ́ńbà wọn nìyí. Ẹ bá mi pè wọ́n." Ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ létí yín léraléra, nítorí ẹkún kì í jẹ́ kí ọmọdé ronú, ohun tó bá ti mọ́ ọn lẹ́nu tẹ́lẹ̀ nìkan ló máa rí sọ.

Nọ́ńbà fóònù wa jẹ́ mọ́kànlá, ó sì gùn lójú ọmọdé. Ẹ pín in sí mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́rin, kí ẹ fi ohùn orin sí i, kí ẹ máa kọ ọ́ bí ẹ bá ti ń wẹ̀ fún un láàárọ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi máa dá a kọ. Ẹ sì fi ọ̀rọ̀ àṣírí kan sáàárín ẹ̀yin àti òun, bóyá orúkọ oúnjẹ, bóyá ti ẹranko, tó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá lọ mú un nílé ìwé tó ní "Mọ́mì ẹ ló rán mi," ọmọ yóò béèrè ọ̀rọ̀ náà. Bí onítọ̀hún kò bá mọ̀ ọ́n, ọmọ kò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ tíṣà rẹ̀. Mo tún bẹ̀ yín, ẹ má kọ orúkọ ọmọ gàdàgbà sẹ́yìn báàgì. Ọmọdé a máa rò pé ẹni tó bá ti mọ orúkọ òun, ará ilé ni.

Bó bá ti ń tó ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje, kó mọ̀ pé 112 ni nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ní Nàìjíríà, àti pé l'Ékòó, 767 náà wà. Ẹ fi hàn án lójú fóònù yín pé èyí tí ẹ tì pa pàápàá ṣe é fi pe nọ́ńbà pàjáwìrì láìmọ páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ sì fi ilé tí yóò sáré gbà lọ hàn án, bí ìyá tàbí bàbá bá ṣubú lulẹ̀ tí kò sì dáhùn.

Ilé ìdáná ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, inú ìgò mínírà tàbí ike omi la ń ra kẹrosíìnì sí, a ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Ọmọ ti ilé ìwé dé. Oòrùn ti pa á, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó gba ilé ìdáná lọ tààrà. Ike omi ló rí yẹn, ohun inú rẹ̀ sì mọ́ gaara. Ó ti gbé e mì kó tó mọ̀ pé kì í ṣe omi, ikọ́ sì ti dé. Ìyá figbe ta, àwọn ará ilé pé lé e lórí, ẹnì kan ní kí wọ́n fún un ní epo pupa mu, òmíràn ti ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì í.

Ibi tí wọ́n ti ń fi àánú pa ọmọ nìyẹn. Ẹ̀dọ̀fóró ni kẹrosíìnì máa ń bà jẹ́ ju ikùn lọ. Bí ọmọ bá bì í, díẹ̀ nínú rẹ̀ lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa jó o. Epo pupa tí a gbà pé ó ń lé májèlé, èébì ló ń rú sókè. Nítorí náà, ẹ má ṣe fún un ní ohunkóhun tó máa mú un bì. Ẹ bọ́ aṣọ tí kẹrosíìnì dà sí lára rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibi tó kàn, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò náà dání kí dókítà lè rí i.

Sóòdà táwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ti pò ó mọ́ omi, ojú lásán kò lè dá a mọ̀. Ẹnu kan péré lè bó ọ̀nà ọ̀fun ọmọ. Bí egbò náà bá sì ti ń jinná, ọ̀nà ọ̀fun náà yóò máa fún pọ̀ títí tí omi pàápàá kò fi ní lè kọjá mọ́. Àwọn ọmọ wà tó jẹ́ pé ihò tí dókítà dá sí wọn níkùn ni wọ́n fi ń jẹun, tí wọ́n ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ lọ́sibítù láti kékeré. Ẹ̀yin ìyá tó ń ṣe ọṣẹ, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fi kọ́ọ̀bù tí ẹ fi ń mu omi wọn sóòdà, ẹ má sì pò ó sínú ike tí ọmọ mọ̀ mọ́ nǹkan mímu.

Ti òbí ni pé kí nǹkan wọ̀nyí wà lókè, nínú ohun tí a kì í bá omi nínú rẹ̀, kí a sì dè é lórí dáadáa. Ti ọmọ ni òfin kan ṣoṣo: ohun tí n kò bá rí ẹni tó bù ú, n kò ní mu ún. Ẹ lè fi kọ́ ọ báyìí. Ẹ gbé ike méjì tó jọra sórí tábìlì, omi nínú ọ̀kan, kẹrosíìnì nínú èkejì, kí ẹ dé méjèèjì pa. Ẹ bi í pé èwo ni omi. Yóò nawọ́ sí ọ̀kan, bóyá yóò tilẹ̀ gbà á, bóyá kò ní gbà á. Ẹ wá ṣí ìdérí èyí tó ní kẹrosíìnì lọ́nà jíjìn díẹ̀ sí i, kó gbóòórùn rẹ̀. Ẹ ó rí i bí yóò ti fi ọwọ́ bo imú tí yóò sì fà sẹ́yìn. Ohun tó ti fi imú ara rẹ̀ mọ̀ yìí yóò pẹ́ lórí rẹ̀ ju igba "má fọwọ́ kàn án" lọ. Kí ẹ sì da kẹrosíìnì náà sínú agolo rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀.

Ohun mìíràn tí a máa ń ṣe ni pé a ń pe oògùn ní súwíìtì kí ọmọ lè gbé e mì. Lọ́jọ́ tó bá rí páálí náà lẹ́yìn yín, bíi súwíìtì náà ni yóò ṣe kó o jẹ. Ẹ pè é ní oògùn, kó korò bó bá fẹ́ korò.

Ọmọ tí wọ́n ń lé kúrò nídìí iná nígbà gbogbo ló máa ń lọ dá iná wò nígbà tí kò bá sẹ́nìkan nílé. Ẹ gbé àpótí ìjókòó fún un síbi tó jìnnà díẹ̀, kó máa wo bí ẹ ti ń yí ọwọ́ ìkòkò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kí ẹni tó ń kọjá má baà kọ lù ú, bí ẹ ti ń ṣí ìdérí láti apá ibi tí kò kọjú sí yín kí ooru má baà bó yín lójú. Ẹ máa sọ ìdí rẹ̀ bí ẹ ti ń ṣe é. Bí aṣọ bá gbiná lára rẹ̀, kó má ṣe sáré, torí atẹ́gùn yóò máa fẹ́ iná náà ni. Kó dúró, kó dùbúlẹ̀, kó fọwọ́ bojú, kó máa yí gbirigbiri nílẹ̀. Ẹ jọ fi ṣeré lórí ẹní ní pálọ̀. Ọmọ yóò gbádùn rẹ̀, yóò sì rántí.

Bí iná tàbí omi gbígbóná bá bó o, omi tútù tó ń ṣàn ni kó sáré sí, kó sì wà nídìí omi náà fún 20 ìṣẹ́jú. Bí kò bá sí omi ẹ̀rọ, kí ẹ máa bu omi dà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fọ́ ẹyin sí i, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín pa á, ẹ má fi epo sí i. Gbogbo wa la bá a nílé pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹyin tútù ń kó kòkòrò àrùn wọ ojú egbò, ọṣẹ ìfọyín àti epo kì í sì í jẹ́ kí ooru tètè jáde lára. Ní ti gáàsì, ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ òórùn rẹ̀. Bó bá gbọ́ ọ, kó má tan iná, kó má pa iná, kó má ṣá ìṣáná. Kó jáde síta, kó pe àgbàlagbà.

Lójú títì, ẹ̀kọ́ kan wà tó yẹ ká tún yẹ̀ wò. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni ọkọ̀ ti ń rìn lọ́wọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà. Kó tó dìgbà náà, ọwọ́ òsì ni, bíi ti àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ wa. Nítorí náà, apá òsì ẹni tó dúró létí títì ni ọkọ̀ tó máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń bọ̀. Kí ọmọ kọ́kọ́ wo òsì, kó wo ọ̀tún, kó tún wo òsì. Ẹni tó bá ṣì ń kọ́ ọmọ pé kó kọ́kọ́ wo ọ̀tún, ẹ̀kọ́ títì tí kò sí mọ́ ló ń kọ́ ọ. Ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá sì máa ń gba ọwọ́ tó bá wù wọ́n, torí náà kí ojú ọmọ máa lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún títí yóò fi dé òdìkejì. Kó má ṣe yọ láti ẹ̀yìn danfo tó dúró, torí awakọ̀ tó ń bọ̀ kò lè rí i.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìjàǹbá ojú títì ló ń pa àwọn tó wà láàárín ọdún 5 sí 29 jù lọ lágbàáyé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá kì í lè fojú díwọ̀n eré ọkọ̀ dáadáa. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó ṣe ìpinnu náà pẹ̀lú yín. Ẹ bi í pé: "Ṣé ká kọjá báyìí?" Bó bá ní "Bẹ́ẹ̀ ni" nígbà tí ọkọ̀ ń bọ̀, ẹ fi ọkọ̀ náà hàn án. Ọmọ tí wọ́n kàn ń fà lọ́wọ́ sọdá títì lójoojúmọ́ kò kọ́ nǹkan kan.

Òjò náà ní ewu tirẹ̀. Àwọn àgbà Ìbàdàn kò gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 tí odò Ògùnpa kún tó gbé ilé àti èèyàn lọ. Kò dìgbà tó bá tó bẹ́ẹ̀ kí àgbàrá tó gbé ọmọ. Gọ́tà tí ọmọ fò kọjá láàárọ̀ lè ti di odò kó tó jáde nílé ìwé lọ́sàn-án, omi sì ti lè bo ojú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ ibi tó parí sí. Ẹ sọ fún un pé bí omi bá ti bo ilẹ̀ tí kò rí ibi tó fẹ́ tẹ̀, kó má tẹ̀ ẹ́. Kó yà sábẹ́ ilé, kó dúró, àní bí ilẹ̀ bá tilẹ̀ ṣú. Kí ẹ sì ṣèlérí fún un, kí ẹ mú ìlérí náà ṣẹ, pé ẹ kò ní nà án nítorí pé ó pẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó kó wọ àgbàrá, ẹ̀rù pàṣán ilé ló ń lé e bọ̀. Ní ti àwọn kéékèèké, kànga, dúrọ́ọ̀mù àti bókẹ́ẹ̀tì omi ni ewu wọn. Nínú nǹkan bí 300,000 èèyàn tí omi pa lágbàáyé lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹ dé kànga. Kò sí ẹ̀kọ́ tó lè rọ́pò ìdérí fún ọmọ ọdún méjì.

Ọ̀kan ṣẹ́kù tí ẹnu wa kì í gbà sọ nílé Yorùbá. Ìwádìí tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn ṣe pẹ̀lú UNICEF ní Nàìjíríà lọ́dún 2014 fi hàn pé ọmọbìnrin kan nínú mẹ́rin, àti ọmọkùnrin kan nínú mẹ́wàá, ni wọ́n ti fi ìbálòpọ̀ hùwà ipá sí kí wọ́n tó pé ọdún 18. Ẹni tí ọmọ mọ̀ ló sábà máa ń ṣe é: ará ilé, alábàágbé, olùkọ́, ẹbí. A kọ́ ọmọ wa láti dọ̀bálẹ̀, láti kúnlẹ̀, láti má já àgbà lẹ́nu, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá pariwo "Rárá!" mọ́ àgbà tó fẹ́ fọwọ́ kan ojú ara rẹ̀ kò ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ sọ èyí fún un ní gbangba, kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé ẹ ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má fi túláàsì gbé e jókòó lé ẹsẹ̀ àlejò tó ń sá fún. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé àgbà tó bá ní "má sọ fún mọ́mì ẹ" ni ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ sọ fún yín.

Bó bá sì wá sọ, ẹ má ṣe dá a lóhùn pé "Irọ́ lo ń pa," ẹ má sì bi í pé kí ló lọ ṣe níbẹ̀. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má tíì wẹ̀ fún un, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. L'Ékòó, Mirabel Centre tó wà nínú ọsibítù LASUTH n'Íkẹjà ti ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2013. Àwọn tó bá ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fi ọ̀rọ̀ náà mọ sáàárín ẹbí, ẹ má gbọ́ tiwọn.

Àwọn baba wa mọ̀ pé ọmọdé kì í fetí sí àlàyé gígùn, wọ́n wá fi èèwọ̀ bá a wí: má súfèé lóru, ejò yóò wọlé. Ìbẹ̀rù náà ṣiṣẹ́ láyé ìgbà tí ọmọ kò lè bi àgbà pé "kí ló dé?" Ọmọ òde òní ń béèrè, èmi ò sì rò pé ó burú. Ẹni tó bá mọ ìdí ohun tí wọ́n ní kó má ṣe lè fi ìdí náà wọn ohun mìíràn tí a kò tíì bá a sọ. Ẹ jẹ́ kó wò yín lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ jọ ṣe é lẹ́yìn náà, kó wá ṣe é lójú yín kí ẹ máa wò ó. Kò ní ṣe é dáadáa lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Abọ́ yóò fọ́. Ẹ má tìtorí abọ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́ta lè kó bàtà rẹ̀ jọ. Ọmọ ọdún márùn-ún lè wọ aṣọ fúnra rẹ̀, kó sì fi ọṣẹ fọwọ́ bó bá ti ilé ìyàgbẹ́ dé. Bó bá tó méje, kó máa fọ abọ́ tó fi jẹun àti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Bó bá tó mẹ́wàá, kó lè se ẹyin àti ìrẹsì, kí àgbà sì wà nítòsí. Ọkùnrin àti obìnrin ni mo ń wí. Ìyá tó ń lé ọmọkùnrin kúrò nílé ìdáná pé kí ló ń wá níbẹ̀, ìyà ló ń kó jọ dè é, òun àti ẹni tó máa fẹ́ ẹ. Àwọn géńdé wà ní yunifásítì lónìí tí ebi ń pa mọ́ ìdí àpò ìrẹsì.

Ẹ máa rán ọmọ níṣẹ́ pẹ̀lú. Ẹ fún un ní owó, kí ẹ ní kó lọ ra iyọ̀ àti máàgì ní ìsọ̀ tí ẹ lè rí látẹnu ọ̀nà yín. Kí ó tó lọ, kó sọ iye tí ṣéńjì yóò jẹ́ fún yín. Bó bá dé, kó kà á lójú yín. Bí kò bá pé, ẹ má nà án, ẹ jọ padà lọ kó fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ibẹ̀ ló ti máa mọ ìṣirò, tí yóò sì mọ bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù àti láìṣàfojúdi. Ṣùgbọ́n kíkọ́ ọmọ yàtọ̀ sí kíkó ọjà lé e lórí pé kó máa kiri lójú títì. Ẹni tí ẹ rán ní iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ máa wò ó lọ, kí ẹ máa wò ó bọ̀. Bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ lọ ra iyọ̀ náà.